Treichville: Àdúgbò Tí Àlejò Kọ́ Sétí Ọ̀sà Abidjan

Ó ṣòro kí èèyàn wọ agbo ilé mẹ́ta ní Ẹjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kó má gbọ́ orúkọ Abidjan. Bàbá àgbà ti ibẹ̀ rówó kọ́lé. Àbúrò ìyá wà níbẹ̀ títí di òní. Bí ọdún bá dé, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún á wálé, wọ́n á máa fi Faransé àti èdè Júlà bá ara wọn ṣeré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá àgbà á sì máa wò wọ́n, á máa rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ akérò wà tó ń gbéra láti Ẹjìgbò gan-an lọ sí Abidjan. Ẹnubodè mẹ́rin ló máa là kọjá: ti Bẹ̀nẹ̀, ti Tógò, ti Gánà, kó tó wá kan ti Côte d'Ivoire ní Noé.

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà tó ti débẹ̀ tipẹ́ pé ibo ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ sí, orúkọ àdúgbò méjì lẹ máa gbọ́ jù. Adjamé ni ọ̀kan. Ìkejì, èyí tó wà létí omi, ni Treichville. Àwọn ará ìlú ti gé e kúrú, "Treich" ni wọ́n ń pè é. Nígbà kan, bí wọ́n bá ní èèyàn wà ní Abidjan, tí kì í ṣe òyìnbó, tí kì í sì í ṣe ìjòyè, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Treichville tàbí Adjamé ló ń gbé.

Iná kò jó Treichville run, ogun kò sì sọ ọ́ di ahoro. Ó ṣì wà níbẹ̀, ariwo ọjà rẹ̀ kò sì tíì dákẹ́. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí gbogbo ìlú ń wọ́ tọ̀ nígbà kan ti ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Ìtàn bó ṣe gbèrú àti bó ṣe ń ṣá kan gbogbo ìdílé tó bá ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀, nítorí pé àlejò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó fi òógùn wọn kọ́ ọ.

Igbó àwọn ẹyẹ

Ẹni tó bá mọ ọ̀sà Èkó kò ní pẹ́ mọ Abidjan. Orí ọ̀sà ni ìlú náà dúró sí, ọ̀sà tí wọ́n ń pè ní Ébrié. Ó nà lọ lẹ́bàá òkun, ó gùn ju 100 kìlómítà lọ, ilẹ̀ yanrìn tín-ín-rín ló sì là á mọ́ òkun. Plateau, níbi tí àwọn ilé gogoro àti ọ́fíìsì ìjọba wà, wà ní ìhà àríwá omi, bí ìgbà tí èèyàn ń wo Marina ní Èkó. Ní ìhà gúúsù ni erékùṣù Petit-Bassam wà, lórí rẹ̀ sì ni Treichville, Marcory àti Koumassi jókòó sí. Ẹni tó bá dúró létí omi ní Treichville lálẹ́ máa rí iná Plateau tó ń tàn yanranyanran ní òdìkejì.

Àwọn apẹja Ébrié ló ni ilẹ̀ náà. Tchaman ni wọ́n ń pe ara wọn. Abúlé wọn tó wà níbi tí Treichville wà lónìí ń jẹ́ Anoumabo, ìtumọ̀ rẹ̀ tí àwọn èèyàn sì máa ń sọ ni "igbó àwọn ẹyẹ." Nígbà tí ìjọba Faransé fẹ́ ibẹ̀ lò fún ìlú tuntun, wọ́n ní kí abúlé náà kó lọ sí apá ìlà-oòrùn erékùṣù kan náà. Ibẹ̀ ni Anoumabo wà títí di òní, láàárín Marcory. Àwọn ọ̀dọ́ mọ orúkọ náà dáadáa torí pé ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin Magic System ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún orin ńlá kan ní ọdún 2008, èyí tí wọ́n ń pè ní FEMUA. Díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé abúlé tó kó kúrò fún ẹlòmíì ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Kí àlejò kankan tó sọ pé òun kọ́lé sí Treichville, onílẹ̀ ti kọ́kọ́ di ẹrù rẹ̀ lọ.

Ìjọba Faransé kò kọ́kọ́ fi Abidjan ṣe olú ìlú. Grand-Bassam ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 1893. Ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1899, ó pa ọ̀pọ̀ òyìnbó, wọ́n sì sá lọ sí Bingerville ní 1900. Àmọ́ Abidjan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin wọ inú ilẹ̀ ní 1904, ibi tí ojú irin bá sì wà ni owó ń gbà. Ní 1934, olú ìlú kó dé Abidjan. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n yí orúkọ Anoumabo padà sí Treichville. Wọ́n fi ń rántí Marcel Treich-Laplène, òyìnbó kan tó ti rin inú igbó ilẹ̀ náà débi Kong, tó sì kú ní 1890, nígbà tí Abidjan kò tíì di ìlú.

Òfin tí kò sí nínú ìwé ló pín ìlú tuntun náà. Òyìnbó ń gbé Plateau. Àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé Adjamé ní òkè àti Treichville ní ìsàlẹ̀. Wọ́n fi okùn wọn Treichville, wọ́n là á gbọọrọ gbọọrọ bí pátákó ayò, wọ́n sì fi nọ́ńbà sọ àwọn òpópó rẹ̀ dípò orúkọ. Títí di òní, bí ẹnì kan bá ń júwe ilé rẹ̀ níbẹ̀, á ní "Avenue 16, Rue 21," ẹni tó ń gbọ́ ọ á sì mọ oríta tí wọ́n ń sọ.

Afárá, ọkọ̀ ojú irin àti èbúté

Ohun mẹ́ta ló sọ Treichville di ńlá. Àkọ́kọ́ ni afárá. Ní 1931, wọ́n ṣí afárá kan tó léfòó lórí ọ̀sà láàárín Plateau àti Treichville. Láràárọ̀ ni àwọn akọ̀wé, ọmọ ọ̀dọ̀, bíríkìlà àti alásè máa ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á padà sílé. Afárá oníkọnkéré tó ń jẹ́ Houphouët-Boigny ló gba ipò rẹ̀ ní 1957. Mọ́tò ń gba orí rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ń gba inú rẹ̀ nísàlẹ̀. Ní 1967 ni wọ́n kọ́ ìkejì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó ń jẹ́ De Gaulle.

Ìkejì ni ọkọ̀ ojú irin. Ó dé Bobo-Dioulasso ní 1934, ó sì dé Ouagadougou ní 1954. Ìbùdó tí èrò máa ń sọ̀ sí ní Abidjan wà ní Treichville. Ẹni tó bá ti ilẹ̀ Mọ́sí wá wá iṣẹ́ oko kòkó tàbí iṣẹ́ alábàárù, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀ Abidjan.

Ìkẹta ló ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìyẹn èbúté. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọ inú ọ̀sà. Ojú agbami ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á máa fi ọkọ̀ kéékèèké kó ẹrù wá sí etíkun. Ní 1950, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun já ní Vridi, wọ́n là á bí odò tó gùn tó kìlómítà méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀. Ọkọ̀ òkun bá wọlé. Wọ́n ṣí èbúté Abidjan ní 1951, ẹ̀gbẹ́ Treichville ló sì wà. Kòkó, kọfí àti gẹdú ń jáde, ìrẹsì, aṣọ àti sìmẹ́ǹtì ń wọlé. Iṣẹ́ pọ̀ débi pé ẹni tó bá lágbára apá kò ní sùn lébi.

Àgbàlá kan, orílẹ̀-èdè mẹ́wàá

Bí iṣẹ́ ti pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń rọ́ wá. Mọ́sí wá láti ilẹ̀ tó ń jẹ́ Burkina Faso báyìí. Àwọn Júlà wá láti òkè ọya. Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl wá, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń ta wúrà. Àwọn Fántí apẹja wá láti Gánà. Àwọn ará Tógò àti Dàhọ̀mì, tó di Bẹ̀nẹ̀ báyìí, wá ṣe akọ̀wé àti olùkọ́. Yorùbá náà wá láti Nàìjíríà, wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ta àgúnmu, wọ́n ń kiri ọjà kéékèèké láti ojúlé dé ojúlé. "Anango" ni àwọn ará Abidjan ń pe Yorùbá, láti ara orúkọ Ànàgó tí ẹ̀yin náà mọ̀. Títí di òní, bí ọmọ Abidjan bá ní òun ń lọ sọ́dọ̀ Anango, ìsọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń lọ.

Irú ilé tí gbogbo wọn ń gbé ló fún Treichville ní ìwà rẹ̀. Àgbàlá kan wà láàárín, yàrá tò yí i ká, ilẹ̀kùn gbogbo wọn sì dojú kọ àgbàlá náà. Ẹ̀rọ omi kan ni gbogbo wọn ń pọn, ilé ìwẹ̀ kan ni wọ́n ń lò, ojúde ni wọ́n ti ń dáná. Ẹni tó bá ti gba yàrá kan rí ní Mushin mọ bó ṣe máa ń rí, àmọ́ ti Treichville ní ojú ọ̀run lókè. Onílé lè jẹ́ ará Sẹ̀nẹ̀gàl, kí ayálégbé kan jẹ́ Baoulé, ìkejì Mọ́sí, ìkẹta Yorùbá, kí ìkẹrin wá láti Kútọnu. Ìyá tó bá lọ sọ́jà kì í wá ẹni tó máa tọ́jú ọmọ. Gbogbo àgbàlá ló ni ọmọ náà, gbogbo wọn ló sì lè bá a wí.

Níbẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ attiéké, ìyẹn gbágùúdá tí wọ́n rin, tí wọ́n sì fi ooru sè. Níbẹ̀ ni ọmọ Baoulé ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí ìyá Ìbejì. Bí ìkómọ bá ṣẹlẹ̀, ìjókòó á gba òpópó, mọ́tò á wá ọ̀nà míì gbà. Èsúsú tí àwọn obìnrin àgbàlá ń dá ló ń sanwó ilé ìwé, òun ló ń ra ẹ̀rọ ìránṣọ, òun náà ló ń gbé òkú ará ilé padà sílé bó bá di dandan.

Àmọ́ àbùkù kan wà nínú ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ti bíríkìlà. Ìwé tí ìjọba amúnisìn fún ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́lé sí àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ìwé pé wọ́n ni ilẹ̀. Ìwé àṣẹ pé kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ ni. Nígbà tí ayé ṣì rọrùn, kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí.

Ohun tí 1949 ṣe, àti ohun tí 1958 ṣe

Àdúgbò tí èèyàn bá pọ̀ sí tó báyìí kò lè máà gbé ìṣèlú. Ní January 1949, ẹgbẹ́ òṣèlú RDA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bamako ní 1946 fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso, ṣe àpéjọ ńlá wọn kejì ní Treichville. Félix Houphouët-Boigny ni olórí wọn. Ní ọjọ́ 6, oṣù February, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín àwọn tirẹ̀ àti ẹgbẹ́ alátakò tí ìjọba ń gbè lẹ́yìn. Ìjọba kó àwọn aṣáájú mélòó kan, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé ní Grand-Bassam láìgbọ́ ẹjọ́ wọn fún ìgbà pípẹ́. Nínú wọn ni òǹkọ̀wé Bernard Dadié wà.

Nígbà tó di December ọdún yẹn, àwọn obìnrin ní kò ní rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbéra ní Abidjan, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ rìn dé Grand-Bassam, nǹkan bí 40 kìlómítà, láti lọ béèrè àwọn tí wọ́n tì mọ́lé. Àwọn agbófinró fi omi àti kóńdó lé wọn padà lójú afárá. Afárá ìṣẹ́gun ni wọ́n ń pe afárá náà lónìí. Marie Koré ni orúkọ obìnrin tí àwọn èèyàn máa ń rántí jù nínú ìrìn náà.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ohun tó burú ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé rí i pé àwọn ará Dàhọ̀mì àti Tógò, tí wọ́n ti kàwé ṣáájú wọn, ló wà lórí àga nínú ọ́fíìsì àti nínú ilé ìtajà àwọn òyìnbó. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti lé àlejò kúrò níbi iṣẹ́. Ní October 1958, ọ̀rọ̀ di jàgídíjàgan ní Abidjan. Wọ́n ya wọ ilé àwọn àlejò, wọ́n lù wọ́n, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sì sun òmíràn níná. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sá sábẹ́ ààbò ìjọba, ọkọ̀ òkun sì kó wọn padà sí Kútọnu àti Lomé. Ìdílé Yorùbá láti Àjàṣẹ́ àti Kétu náà wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní ará Dàhọ̀mì nígbà yẹn.

Èbúté tó fi iṣẹ́ fà wọ́n wá náà ni wọ́n gbà lọ. Àgbàlá tó ń tọ́jú ọmọ gbogbo èèyàn ti kọ́ pé àlejò lè di àjèjì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó ṣẹ́ kù kò gbàgbé. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń fi owó Abidjan kọ́lé sílé, kódà bí wọn kò tiẹ̀ ní í gbé inú rẹ̀.

Ìgbà tí alẹ́ kò ṣú

Síbẹ̀ ọdún 1958 yẹn náà ni gbogbo ayé fi mọ Treichville. Òyìnbó Faransé kan tó ń ṣe fíìmù, Jean Rouch, gbé kámẹ́rà rẹ̀ tọ àwọn ọ̀dọ́ tó wá láti Niger lẹ́yìn, ó ń yà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wá iṣẹ́ lébùúté, bí wọ́n ṣe ń jó lópin ọ̀sẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ ara wọn ní orúkọ àwọn òṣèré Amẹ́ríkà. Fíìmù náà ń jẹ́ "Moi, un Noir," ó sì gba ẹ̀bùn ńlá nílẹ̀ Faransé. Oumarou Ganda, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, padà di ẹni tó ń ṣe fíìmù tirẹ̀ nílẹ̀ Niger.

Côte d'Ivoire gba òmìnira ní 1960. Owó kòkó ń wọlé, ìjọba ń kọ́ ọ̀nà, àwọn èèyàn ń ṣàfẹ́. Ilé ijó àti sinimá kún Treichville. Ẹni tó bá gba owó oṣù ní Plateau, Treichville ló ti ń ná an. Ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní wôrô-wôrô ń kó èrò kiri. Owó ọkọ̀ ayé ọjọ́un, 30 fáránkì, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní èdè Júlà.

Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, Houphouët-Boigny wà lára àwọn olórí díẹ̀ tó gba Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè, ní May 1968. Nígbà tí ogun parí ní January 1970, Côte d'Ivoire ni Ojukwu sá lọ. Apá kan wà ní Treichville tí wọ́n ń pè ní Biafra títí di òní. Ọmọ Nàìjíríà tó bá gbọ́ orúkọ náà níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ á dúró ná.

Bí àdúgbò ṣe ń ṣá

Ohun tó ṣe Treichville kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìlú ló dàgbà jù ú lọ. Láti bí 1970 ni ìjọba ti ń kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Yopougon, ní òdìkejì ọ̀sà, ilé tó ní ẹ̀rọ omi tirẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá ti ń tò sídìí ẹ̀rọ omi ní àgbàlá láti kékeré kò ní rí ìyẹn kó má lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Treichville fẹ́yàwó, wọ́n kó lọ sí Yopougon, Koumassi, Abobo. Ní 1975, gbogbo Abidjan kò tíì tó 1,000,000 èèyàn. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2014, Yopougon nìkan ti ju 1,000,000 lọ, Treichville sì wà ní nǹkan bí 100,000. Ní 2021, agbègbè Abidjan lápapọ̀ ti ju 6,000,000 lọ.

Ijó náà tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ lọ. Òpópó kan ní Yopougon tí wọ́n ń pè ní Rue Princesse ló di ibi ìgbafẹ́, títí ìjọba fi wó o ní August 2011. Àwọn sinimá Treichville ti ilẹ̀kùn wọn. Ìbùdó ọkọ̀ tó ń lọ sí òkè ọya gbilẹ̀ ní Adjamé, ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì bá a lọ. Ní December 2014, wọ́n ṣí afárá kẹta, Henri Konan Bédié, láti Cocody sí Marcory. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí pápákọ̀ òfurufú láti Cocody kò ní láti gba Treichville mọ́.

Àìríná àìrílò náà wà nínú rẹ̀. Iye kòkó já wálẹ̀ ní ìparí ọdún 1980 sí 1989. Ní January 1994, wọ́n gé iye owó fáránkì CFA sí ìdajì. Àwọn sójà gbàjọba ní December 1999, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 2002, lẹ́yìn ìdìbò 2010 ìjà náà sì pa ohun tó lé ní 3,000 èèyàn. Ọ̀rọ̀ "ta ni ọmọ ilẹ̀, ta ni àjèjì" tí wọ́n ti gbọ́ ní 1958 tún padà dé ẹnu. Ọ̀pọ̀ ìdílé kó ọmọ wálé sí Ẹjìgbò nígbà náà, wọ́n fi wọ́n sílé ìwé tí wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀. Àwọn kan padà nígbà tí ìlú tutù, àwọn kan kò padà mọ́.

Nígbà yìí ni ìwé ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó kà sí wá di ọ̀rọ̀. Bàbá tó kọ́ àgbàlá kú. Ó fi ọmọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sílẹ̀, méjì wà ní Yopougon, ọ̀kan wà ní Paris, àwọn yòókù wà nílé. Orúkọ bàbá nìkan ló wà nínú ìwé, àṣẹ pé kó máa gbé ibẹ̀ nìkan ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á jà, wọ́n á rẹ̀ wọ́n, wọ́n á tà á fún oníṣòwò. Oníṣòwò á wó yàrá mẹ́wàá, á kọ́ ilé alájà mẹ́rin, ìsọ̀ nísàlẹ̀, ibi ìkẹ́rùsí lókè. Ayálégbé tó ti lo 30 ọdún nínú àgbàlá náà kò sí nínú àdéhùn. Ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá èbúté àti lẹ́bàá Plateau kò ní pẹ́ rí ẹni rà á.

Omi tó sọ àdúgbò náà di ọlọ́lá pàápàá ti yí padà. Ìdọ̀tí ilé àti ti iléeṣẹ́ ṣàn sínú ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn apá ibì kan sì ń rùn débi pé èèyàn kò ní fẹ́ dúró. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò ṣì ń ná Treichville sí Plateau, ojú omi sì ni ọ̀nà tó yá jù nígbà tí afárá bá dí.

Ohun tó ṣẹ́ kù

Ikú kíá wà, ikú díẹ̀díẹ̀ sì wà. Àwọn ará Èkó mọ ti Maroko, tí ìjọba wó ní July 1990, tó sì lé nǹkan bí 300,000 èèyàn jáde. Abidjan náà ti rí irú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, katakata wó Boribana, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù létí ọ̀sà yẹn kan náà, ní Attécoubé. Ní èdè Júlà, ìtumọ̀ Boribana ni "eré sísá ti parí." Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ rò pé àwọn ti dé ibi ìsinmi.

Ti Treichville kò ní ariwo bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń sunkún rẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí èèyàn lè nawọ́ sí pé ọjọ́ yìí ló parí. Àgbàlá kan lọ lónìí, òmíràn lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó bá ń kọjá rò pé ìlú ń gòkè àgbà ni. Bí àgbàlá náà bá sì lọ tán, ohun tó bá a lọ ju yàrá lọ. Ibi tí àlejò ti lè dé lọ́wọ́ òfo, kó rí ẹni fún un lẹ́ní, kó rí ẹni kọ́ ọ lédè, ló ń lọ yẹn. Ilé alájà mẹ́rin kò lè ṣe ìyẹn.

Kì í ṣe pé kò sí ohun tí èèyàn máa wò níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá lọ sí Abidjan, kó yà síbẹ̀ láàárọ̀. Ọjà ńlá ṣì ń kún, oúnjẹ nísàlẹ̀, aṣọ lókè. Ìbùdó ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Gare de Bassam ṣì ń kó èrò lọ sí Grand-Bassam. Ìrun kíkí ń dún láti mọ́ṣáláṣí, aago ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì Jeanne d'Arc. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín àti ẹran sísun ń ta sánsán létí títì lálẹ́. Létí omi, lẹ́bàá afárá méjèèjì, ni gbọ̀ngàn àṣà ńlá tí China bá wọn kọ́ wà. Ní 1999 ni wọ́n ṣí i. Orúkọ Bernard Dadié ló ń jẹ́ báyìí, ọkùnrin tí wọ́n tì mọ́lé lẹ́yìn ìjà Treichville ní 1949, tó sì gbé ayé tó 103 ọdún kó tó kú ní 2019. Ọ̀sà ni gbọ̀ngàn náà kọjú sí.

Ohun kan wà tí ìdílé tó wà nílé lè ṣe, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Nínú àpótí ìyá àgbà, ní Ẹjìgbò, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Àjàṣẹ́, fọ́tò wà tí wọ́n ya ní Abidjan, lẹ́tà wà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Ẹ bi í, nígbà tó ṣì lè sọ ọ́, pé Avenue wo ni, Rue wo ni, ta ni onílé, àwọn wo ni wọ́n jọ gbé àgbàlá náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ní àgbàlá kan sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ wá ìwé rẹ̀ jáde báyìí, kí ẹ sì fi orúkọ gbogbo àwọn ọmọ sí i kí àgbà tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ tó lọ. Àwọn tó la Treichville kò fún òpópó rẹ̀ lórúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n fún un, nọ́ńbà náà sì ni àwọn èèyàn fi ń júwe ilé. Bí ilé ọ̀hún bá ti di ìsọ̀ pàápàá, ọmọ ọmọ tó bá mú nọ́ńbà méjì yẹn lọ́wọ́ á ṣì rí oríta tí bàbá bàbá rẹ̀ ti sọ ẹrù kalẹ̀.